Mo Fọwọ́ Ara Mi Yí Táyà Dé Kíláàsì

Ẹ̀gbọ́n wa olóòtú ètò, mo kí yín o. Akẹ́kọ̀ọ́ tuntun ni mí nílé ẹ̀kọ́, n kò sì lè rìn. Àga onítáyà ni mo ń lò, àmọ́ táyà rẹ̀ kéré, ọwọ́ mi ò tó o. Ará yàrá mi ló ń tì mí, òun nìkan ló ń bá mi sọ̀rọ̀.

Lánàá, bàbá kan tó ń tún irú àga bẹ́ẹ̀ ṣe rí tèmi, ó pariwo: "Èyí tí wọ́n fi ń ti aláìsàn kiri nìyí! Onítáyà ńlá ló yẹ ọ́." Ó wọn ìdí mi, ó gbé onítáyà ńlá kan fún mi.

Láàárọ̀ yìí, mo dá fọwọ́ yí táyà rẹ̀ dé kíláàsì! Inú mi ń dùn ṣìnkìn.

Àmọ́ ará yàrá mi ní, "O ò nílò mi mọ́ nìyẹn."

Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: báwo ni mo ṣe máa sọ fún un pé ẹ̀gbẹ́ mi ni kó máa rìn, kì í ṣe ẹ̀yìn?