Aṣọ Yín Lórí Odò Ògùn

Ìsẹ́yìn, oṣù Kẹsàn-án, 1912

Ẹ̀gbọ́n mi, Bàbá Àbẹ̀ní,

Mo kí yín ní Kùmásí, mo kí ìyàwó wa, mo kí Àbẹ̀ní. Orúnkún Bàbá ti fúyẹ́ díẹ̀. Ìyá ti jẹ iṣu tuntun, ewúrẹ́ yín sì bí ìbejì. Ọdún mẹ́fà rèé tí a kò fojú kan ara wa.

Òyìnbó kan tó ń wọn ilẹ̀ níbí ní kí àwọn ọlọ́kọ̀ odò Ògùn ta ìgbòkun, aṣọ tí afẹ́fẹ́ fi ń ti ọkọ̀ lọ, kí wọ́n fi Sátidé àti Sọ́ńdè díje. Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n ń lò, afẹ́fẹ́ sì ń gba inú rẹ̀ kọjá. Ni Bàṣírù tó máa ń fi ọkọ̀ tù wá lọ oko bá wá tọrọ aṣọ lọ́wọ́ mi. Mo gbé aṣọ òfì tí ẹ hun kẹ́yìn fún un, èyí tí Bàbá ní ó le bí awọ màlúù, tí ẹ fi bínú lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi, ì bá ṣe pé ẹ wà níbẹ̀! Aṣọ náà wú bí ikùn aboyún. Ọkọ̀ Bàṣírù fi àwọn yòókù sílẹ̀ bí ẹni pé wọ́n so wọ́n mọ́ igi. Mo pariwo títí ohùn mi fi há.

Ẹnì kan bi Bàbá létí odò pé ta ló hun irú aṣọ yẹn. Bàbá fi ọ̀pá dìde. Ó ní, "Ọmọ mi ni. Èmi ni mi ò mọ ohun tó ń hun."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mú ìlẹ̀kẹ̀ bọ̀. Ọlọ́run yóò sìn yín wálé láyọ̀. Láti àná ni Bàbá ti fọwọ́ ara rẹ̀ ta òwú sórí òfì ìhunṣọ yín, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó síbẹ̀.

Èmi àbúrò yín,
Mọ́ládé