Ilẹ̀ Tí A Ò Gbọdọ̀ Wọ Bàtà Tẹ̀

Ọjọ́ Ajé, 2 Oṣù Kẹfà 2025

Ọwọ́ ń ro mí, aṣọ ni mo rán látàárọ̀, ṣùgbọ́n n ó kọ eléyìí kí n tó sùn. Ìpàdé ní gbọ̀ngàn Igbodigo lórí páàkì etí odò. Páàkì kẹ̀! Igbó ni — jangirọ́fà kan tó ti dógùn-ún, àga sìmẹ́ńtì tó ti là, àwọn tó ń sá gbágùúdá. Wọ́n ní ìjọba ìbílẹ̀ fẹ́ tún un ṣe. Ẹnjiníà wọn, Olúyọmí, gbé àwòrán wá. Ẹnu rẹ̀ dùn jù, Ẹnu-Oyin ni n ó máa pè é níhìn-ín. Ọ̀nà pẹrẹsẹ tí kò ní àtẹ̀gùn. Jangirọ́fà oníbẹ́líìtì, tí ọmọ tí ara rẹ̀ ò lágbára lè jókòó sí láì ṣubú. Irin ìdìmú láti ibi eré kan dé òmíràn. Ó ní gbogbo ọmọ ni yóò ṣeré níbẹ̀, èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ le àti èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò le.

Omi ń bọ́ lójú mi bí ẹni ń gé àlùbọ́sà. Tóyọ̀sí mi ti pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gbé e láti kékeré. Bàtà onírin tó dé orúnkún ló fi ń rìn, ọdún mẹ́ta rèé. Bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń ṣeré nílé ìwé, òun ni wọ́n ń fi ṣọ́ báàgì.

Mo délé, mo sọ fún un. Ó ní, "Màmá, ẹ ò ní gbé mi o. Èmi fúnra mi ni n ó rìn wọlé."

Ọjọ́bọ̀, 5 Oṣù Kẹfà

Wàhálà ti dé. Ẹnu-Oyin ní àbàtà ni gbogbo etí odò yẹn, àfi ilẹ̀ líle kan ṣoṣo. Ta ló ni ín? Ìjọ wa, àwa aláṣọ funfun. Ilẹ̀ àánú ni, ibẹ̀ la ti ń gbàdúrà kí a tó sọ̀ kalẹ̀ lọ wẹ̀ nínú odò. Bí ìjọ ò bá yọ̀ǹda rẹ̀, wọ́n á yọ ti àwọn ọmọdé kúrò, wọ́n á ṣe àga àwọn àgbà àti ibi ìgbọ́kọ̀sí nìkan.

Èmi tí mo ń rán sutana fún ìjọ, èmi ni wọ́n ní kí n lọ bẹ Wòlíì.

Ọjọ́ Àìkú, 8 Oṣù Kẹfà

Mo bẹ̀ ẹ́. Wòlíì Philemon gbọ́ mi títí mo fi sọ̀rọ̀ tán, ó ní òun á gbé e síwájú àwọn àgbà. Màmá Charity, ìyá ìjọ wa — Sájẹ́ǹtì ni mo ń pè é, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kó rí ìwé yìí — ó ní, "Ṣé torí ọmọ ẹnì kan la ó ṣe sọ ilẹ̀ tí àwọn bàbá wa fi ààwẹ̀ yà sí mímọ́ di pápá eré?"  

Ọjọ́ Ẹtì, 13 Oṣù Kẹfà

Wọ́n gbà! Wọ́n gbà! Wọ́n gbà!

Àdéhùn kan péré ni. Ilẹ̀ náà ṣì jẹ́ mímọ́, nítorí náà ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọ bàtà kọjá géètì. Ẹnu-Oyin ń họ orí. Èmi ni mo tètè kúnlẹ̀, mo ní, "Bàbá, bàtà lásán-làsàn? Ẹni bá fẹ́ ṣeré á bọ́ bàtà. Mo gbà lórúkọ gbogbo ìyá ọmọ." Wòlíì wọ́n omi sí mi lórí, ó ní ó ti di májẹ̀mú. Gideon ọkọ mi fi ọ̀kadà gbé mi wálé, à ń kọrin lójú ọ̀nà bí ọ̀mùtí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1 Oṣù Keje

Òjò. Wọn ò ṣiṣẹ́.

Ọjọ́rú, 16 Oṣù Keje

Gideon gbé Tóyọ̀sí lọ wo iṣẹ́ náà láti ẹ̀yìn ọgbà. Wọ́n ti ri irin ìdìmú mọ́lẹ̀. Àtìgbà tó ti dé ló ti ń di ògiri mú láti pálọ̀ dé kíṣìnnì, láti kíṣìnnì dé pálọ̀, gbàgà, gbàgà. Mo ní kó jẹ́ kí etí mi sinmi. Ó ní, "Ìdánrawò ni, Màmá." Inú mi dùn débi pé n kò lè bínú.

Ọjọ́rú, 30 Oṣù Keje

Wọ́n ti gbé pátákó kọ́ sẹ́nu géètì. BỌ́ BÀTÀ RẸ, ILẸ̀ MÍMỌ́ NI. Tóyọ̀sí ló kà á lẹ́yìn bàbá rẹ̀ lórí ọ̀kadà. Ó délé, ó ní, "Màmá, tèmi ńkọ́?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní tìẹ kì í ṣe bàtà. Mo tún sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, kò wá dá mi lójú mọ́. 

Yéè! Èmi Àrìnkẹ́, kí ni mo ṣe yìí? Ní ṣọ́ọ̀ṣì, bàbá Tóyọ̀sí ló máa ń bọ́ bàtà onírin náà fún un lẹ́nu ọ̀nà, á gbé e sórí bẹ́ńṣì, ibẹ̀ náà ni yóò jókòó sí títí ìsìn á fi parí. Ó ti mọ́ wa lára tó bẹ́ẹ̀ tí n kò fi ronú. Ibi ìjókòó ni ṣọ́ọ̀ṣì. Ibi tí ọmọ mi yóò ti rìn ni mo lọ tọrọ, mo sì fi ẹnu ara mi gba ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 1 Oṣù Kẹjọ

Mo lọ bá Wòlíì. Kò pariwo mọ́ mi, ìyẹn gan-an ló dùn mí. Ó ní, "Màmá Tóyọ̀sí, ẹnu ta ló dá májẹ̀mú yẹn?" Mo ní ẹnu mi ni. Ó ní bí òun bá yọ̀ǹda fún ẹnì kan, lọ́la ẹlòmíràn á ní bàtà tòun náà yàtọ̀. Ó ní kẹ̀kẹ́ arọ lè wọlé, pé kẹ̀kẹ́ kì í ṣe bàtà. A ò ní kẹ̀kẹ́. Dókítà eegun ní Òkìtìpupa ló ní ká má fún un, kó lè máa lo ẹsẹ̀ rẹ̀. Sájẹ́ǹtì dá sí i: "Ṣebí a ń bọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ṣé ó ti kú? Gbé ọmọ rẹ pọ̀n."

Mo bá ibẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Ẹnu-Oyin. Ó ń tẹ fóònù. Ó ní ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ kì í ṣe iṣẹ́ ẹnjiníà.

Ọjọ́bọ̀, 7 Oṣù Kẹjọ

Mo ní ká má lọ síbi ìṣíde náà. Tóyọ̀sí ní òun á lọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9 Oṣù Kẹjọ

Wọ́n ṣí páàkì lónìí. Aṣọ funfun ni mo rán fún un. Mo ní kó jẹ́ kí n pọ̀n ọ́n. Ó kọ̀. Bàbá rẹ̀ ní kó jẹ́ kí òun gbé e sí èjìká. Ó kọ̀.

Lérè, ọ̀dọ́kùnrin ìjọ wa, ló ń ṣọ́ géètì. Kò lè wo ojú mi, ó kàn nawọ́ sí pátákó. Tóyọ̀sí jókòó sílẹ̀. Ó tú okùn bàtà onírin náà fúnra rẹ̀, ó tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ sálúbàtà àwọn ọmọ yòókù. Ó wá rákòrò wọlé.

Ó rákòrò kọjá níwájú alága ìjọba ìbílẹ̀, kọjá níwájú àwọn àlejò tó wá láti Ìlútítun àti Òde-Ìrèlè, aṣọ funfun ń wọ́ nílẹ̀. Irin ìdìmú wà lókè orí rẹ̀. Fóònù ń yọ níhìn-ín lọ́hùn-ún, wọ́n ń yà á ní fọ́tò. Sájẹ́ǹtì ló dá orin. Ni gbogbo èrò bá bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́, Halelúyà gba ilẹ̀ kan, àwọn mìíràn ń sunkún, wọ́n ní ẹ wo ìrẹ̀lẹ̀ ọmọ. Wọ́n gbé e sórí jangirọ́fà, wọ́n dè é, wọ́n ń fì í. Kò rẹ́rìn-ín. Odò ló ń wò.

Mo fẹ́ kígbe pé ọmọ mi ń rìn o, ẹ̀yin èèyàn, ọmọ mi ń rìn!  Mo wo ọwọ́ mi, èmi náà ń pàtẹ́wọ́. Ojú ń tì mí láti kọ ọ́, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ló rí.

Ọjọ́ Àìkú, 10 Oṣù Kẹjọ

N kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ní wọ́n pe orúkọ mi pé kí n wá jẹ́rìí oore Ọlọ́run.

Ọjọ́ Ajé, 18 Oṣù Kẹjọ

Ó ti lé lọ́sẹ̀ kan tí Tóyọ̀sí ò ti wọ bàtà onírin. A bẹ̀ ẹ́, a bá a wí, Gideon tiẹ̀ gbé ọwọ́ sókè, kò lè nà án. Dókítà sọ fún mi lórí fóònù pé bí ó bá pẹ́ bẹ́ẹ̀, orúnkún á ká, kò sì ní nà mọ́.

Láàárọ̀ yìí mo kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, mo gbé bàtà náà dání. Ó fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn. Kò bínú rárá. Ó ní, "Màmá, ọdún mẹ́ta ni mo ti ń rìn, ẹnikẹ́ni ò pàtẹ́wọ́ fún mi rí. Mo rákòrò lọ́jọ́ kan ṣoṣo, gbogbo ìlú dìde."

Mo ní màá pàtẹ́wọ́ fún un, pé lójoojúmọ́ ni n ó máa pàtẹ́wọ́ fún un.

Ó ní, "Ọjọ́ yẹn lẹ̀yin náà pàtẹ́wọ́."

Ó rákòrò lọ sí kíṣìnnì, ó lọ wá oúnjẹ.