Iṣẹ́ Tí Mo Jẹ́ Lórí Wáyà Láìkí Ẹnikẹ́ni

                                                  Agboolé Máàlàmí,
                                                  Gàmbàrí,
                                                  Ìlọrin.
                                                  Ọjọ́ Àlàmísì, 15, oṣù kẹjọ, 1929.

Bẹ̀llò, ọ̀rẹ́ mi láti kékeré,

Sàlámọ̀ ni mo fi ṣáájú. Mo mọ̀ pé yàrá àlejò ni wọn yóò ti ka ìwé yìí sókè, nítorí náà jẹ́ kí n kí àwọn tí ó wà níbẹ̀ bí Ọlọ́hun ṣe tò wọ́n. Mo dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá wa, Àlàájì Ìbráhímù, òpómúléró ilé, ẹni tí ọjọ́ orí kò dín ìmọ́lẹ̀ ojú rẹ̀ kù. Mo kí Ààfáà tí ń kọ́ àwọn ọmọ yín ní kéwú. Kí kéwú má tán lẹ́nu rẹ̀. Mo kí Ìyá, abiyamọ tí ó ń bu oúnjẹ tèmi mọ́ tìrẹ nígbà tí àwa méjèèjì ń kọ wàláà lábẹ́ òrùlé kan náà. Mo kí àwọn àlejò olówò obì tí wọ́n sọ̀ sílé yín láti òkè: ẹ kú ìrìn, ẹ kú àárẹ̀ ọ̀nà, kí ọjà gbà yín. Mo kí Rokibat, aya rere tí kì í jẹ́ kí àlejò rántí pé àlejò ni òun. Lẹ́yìn gbogbo wọn ni mo tó kàn ọ́, ìwọ Bẹ̀llò. Ṣé àlàáfíà ni? Ẹsẹ̀ tí ó máa ń dùn ọ́ bí òjò bá pọ̀, ṣé ó ti fúyẹ́? Obì Agége ńkọ́, ṣé kòkòrò kò tíì bá yín pín in?

Ní tèmi, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun, ṣùgbọ́n ó rẹ̀ mí. Àárẹ̀ tí ó ń ṣe mí yìí, oorun kò rí i wò. Obìnrin kan wà ní Pàkátà tí ó jókòó lórí ẹní bí mo ti ń kọ ìwé yìí, tí ó ń ṣọ̀fọ̀ ọmọ rẹ̀ tí ó wà láàyè. Ó ní òun kò ní fi oúnjẹ kan ẹnu àfi bí òun bá fojú rí ọmọ náà. Ọ̀rọ̀ ẹnu mi ni ó gbé e jókòó síbẹ̀. Jẹ́ kí n tò ó fún ọ bí ó ti rìn.

Láti ìgbà tí àwọn àgbẹ̀ ti ń gbin iṣu ni mo ti ń bá Míṣítà Kóòlù ṣiṣẹ́. Ọmọ Sàró ni, ènìyàn jẹ́jẹ́ tí aṣọ rẹ̀ kì í dọ̀tí, tí Yorùbá rẹ̀ kò jinlẹ̀, tí ilé iṣẹ́ kan ní Èkó rán wá sí àdúgbò àwọn òyìnbó. Òwò wọn ni pé kí ènìyàn máa dá díẹ̀díẹ̀ sọ́wọ́ wọn nígbà tí ó wà láàyè, kí wọn sì kó owó fún àwọn ará ilé rẹ̀ lọ́jọ́ tí ó bá kú. Ìnṣọ́ránsì ni àwọn ará Èkó ń pè é. Ọ̀gá mi yìí ní orúkọ àwọn tí ó rò pé wọn yóò fẹ́ wọ inú rẹ̀. Iṣẹ́ tèmi ni pé kí n gbé tẹlifóònù létí, kí n bá wọn sọ̀rọ̀ títí wọn yóò fi dá ọjọ́ tí òun lè wá rí wọn. Ó ní òun gbọ́ pé kò sí ìkómọ tàbí yìgì tí wọn kì í pè mí sí láti sọ̀rọ̀, pé ohùn tí ó ń tu àwọn àna nínú yóò tu àwọn oníbàárà nínú pẹ̀lú.

Wáyà kan ti ọ́fíìsì rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù oníṣòwò kan lẹ́bàá Ọjà-Ọba, òmíràn sì wà ní ìdíkọ̀ rélùwéè. Ẹni tí mo bá fẹ́ bá sọ̀rọ̀ nínú ìlú, Àbdùlgàfárù, akọ̀wé ṣọ́ọ̀bù náà, ni yóò ránṣẹ́ pè é, tàbí kí òun fúnra rẹ̀ lọ jíṣẹ́ fún un. Mo sọ fún ọ̀gá pé láti ilé mi dé Pàkátà tàbí Òkè-Súnà kò tó ìrìn tí ènìyàn ń mu omi sí, kí ó jẹ́ kí n máa fi ẹsẹ̀ lọ. Ó ní wáyà ni ayé ń lò báyìí.

Bẹ̀llò, iṣẹ́ náà kò rọgbọ. Ta ni yóò dá ọjọ́ tí àlejò yóò wá bá a sọ̀rọ̀ ikú ara rẹ̀? Bí mo bá béèrè ọjọ́, wọn yóò ní ìnṣáàláhù. Bí mo bá túmọ̀ rẹ̀ fún ọ̀gá, yóò gbé kálàmù rẹ̀, yóò ní, "Ìnṣáàláhù náà, ṣé Àtàláátà ni tàbí Àlàrùbá?" Bàbá kan ní Òkè-Súnà bi mí bóyá màláíkà ikú ti gba iṣẹ́ lọ́dọ̀ òyìnbó tí ó fi ń ránṣẹ́ ṣáájú. Mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn tí mo ti gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn, ẹ̀rín tán lẹ́nu mi, etí mi ọ̀tún sì ń hó di ìrọ̀lẹ́.

Ẹ̀sùn kan ṣoṣo ni ọ̀gá ní sí mi: ó ní mo ń kí ènìyàn jù. Òótọ́ ni. N kò mọ bí a ti í wọ ilé onílé, ìbáà ṣe etí ni a gbà wọ̀ ọ́, kí a má kí baálé, kí a má kí àwọn àgbà, kí a má béèrè ọmọ. Àbdùlgàfárù yóò wí lápá kejì pé, "Ààfáà, gbogbo ilé ti gbọ́, wọ́n ní ẹ kú iṣẹ́. Kí lẹ wá fẹ́ sọ gan-an?" Kí n tó dáhùn, àwọn mìíràn yóò ti gba wáyà náà mọ́ wa lọ́wọ́. Ọ̀gá a sì wò mí tàánú-tàánú, a ní, "Àwọn tí o ń tẹríba fún yẹn, ṣé wọ́n ń rí ọ ni?"

Nígbà tí ó di Àtìní tí ó kọjá yìí, ó fúnra rẹ̀ to ọ̀rọ̀ tí n óò sọ, ó sì ní n kò gbọdọ̀ fi ẹyọ kan kún un. Ọ̀rọ̀ náà jẹ mọ́ Yísà, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ń ṣiṣẹ́ ojú irin ní Jẹ̀bá létí Odò Ọya. Yísà ti bá ọ̀gá pàdé níbẹ̀, ó fẹ́ wọ inú ètò náà, ó sì ní kí ó lọ rí bàbá òun, Bàbá Gàní, nílé wọn ní Pàkátà. Ohun tí mo sọ sínú wáyà nìyí, láìkí ẹnikẹ́ni: "Sọ fún Gàní ní Pàkátà pé ọ̀gá ń bọ̀ lọ́jọ́ Àlàrùbá nítorí owó ẹ̀mí Yísà, ọmọ rẹ̀. Kí gbogbo ilé jókòó dè é." Owó ẹ̀mí ni ọ̀gá fi túmọ̀ ìnṣọ́ránsì. Àbdùlgàfárù ní, "Ó dáa, Ààfáà. Ọlọ́hun ló ni wá." Mo rò pé wáyà ni ó gbé apá kan ọ̀rọ̀ rẹ̀ mì.

Ọmọ Ìlọrin ni ọ́. Ìgbà wo ni ìránṣẹ́ wọlé rí tí kò kí ará ilé, tí kì í ṣe pé ó wá túfọ̀? Owó ẹ̀mí náà ńkọ́? Inú ìwé ni èmi ti mọ díyà, owó tí ẹni tí ènìyàn kú sí lọ́rùn ń san níwájú alùkálì, orúkọ Lárúbáwá rẹ̀ nìkan ni ó sì wà lórí mi. N kò rántí pé owó ẹ̀mí ni àwọn ènìyàn wa ń pè é lágboolé. Àbdùlgàfárù, ọmọlúàbí ọkùnrin, ṣí fìlà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà Bàbá Gàní, ó sì ti bú sẹ́kún kí ó tó jíṣẹ́. Wọn kò bi í léèrè òkú. Wọ́n ní odò ti gbé ọmọ wọn lọ lẹ́nu iṣẹ́ òyìnbó, òyìnbó sì ń bọ̀ wá san ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Lọ́jọ́ Àlàrùbá, èmi àti ọ̀gá wọ ilé Bàbá Gàní, a bá àgbàlá tí ó kún bí ọjọ́ ọdún, ṣùgbọ́n tí ó dákẹ́. Wọ́n ti kírun sí Yísà lára láìsí òkú nílẹ̀. Inú mi kọ́kọ́ dùn pé ilé jókòó dè wá tó bẹ́ẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí kí wọn, wọ́n sì ń dá mi lóhùn pé a kú ìṣe, a kú àárẹ̀ ẹsẹ̀. Ọ̀gá jókòó, ó ṣí àpò rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ́ ọ ní Èkó. Bàbá Gàní wò ó pẹ́. Ó ní, "Ẹ gbé owó yín. Ibi tí ẹ sin ín sí ni kí ẹ fi hàn mí."

Bí ó ti yé mi nìyẹn. Mo ké pé Yísà wà láàyè, pé ara rẹ̀ le, pé ìnṣọ́ránsì ni a bá wá. Àrúgbó kan láàárín àwọn obìnrin pàtẹ́wọ́, ó ní, "Ẹ ò rí wọn bí? Ó ku kí wọ́n kówó sílẹ̀, òkú jí!" Gbogbo àgbàlá sì hó lé wa lórí. Wọ́n ní nítorí kí a má baà sanwó ni a ṣe sọ òkú di alààyè. Ọ̀gá bi mí ní èdè òyìnbó ohun tí wọ́n ń wí. Mo sọ ọ́ fún un, ẹ̀rín náà sì kú lójú rẹ̀.

Ìyá Yísà, Àbẹ̀ní, kò hó pẹ̀lú wọn. Ó ní bí ọmọ òun bá wà, kí a jẹ́ kí òun gbọ́ ọ. Òjò ń rọ̀, a mú un dé ìdíkọ̀ rélùwéè, akọ̀wé ibẹ̀ sì bá wa pe Jẹ̀bá. A ti kírun Àsárì kí wọ́n tó rí Yísà mú wá láti ojú irin. Mo gbé ohun èlò náà sí ìyá rẹ̀ létí, èmi pẹ̀lú fi etí mi sún mọ́ ọn. "Ìyá, èmi ni." Kò dáhùn. Ó bi í léèrè pé kí ni òun ń pè é nígbà tí ó já lẹ́nu ọmú. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. "Ọ̀rẹ́ Òjò ni, nítorí n kì í sá wọlé. Ìyá, kí ló dé? Ṣé ẹ ti jẹun?"

Obìnrin náà gbé e kúrò létí, ó dá a padà fún mi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó ní, "Òkú náà mọ orúkọ rẹ̀." Ó dìde, ó rin inú òjò padà sílé.

Láàárọ̀ òní mo tún lọ. Ògì tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀ láti àná ti dì. Ó ní kí n jókòó. "Ààfáà, ẹ̀yin ni ẹ sọ̀rọ̀ owó ẹ̀mí rẹ̀?" Mo ní èmi ni, Ìyá. "Ṣé ẹ fojú rí i láti ìgbà náà?" Mo ní ohùn rẹ̀ ni mo gbọ́. Ó ní, "Àwa méjèèjì dọ́gba nígbà náà." Bẹ̀llò, gbogbo òjò ọdún yìí ni mo fi ń bá àwọn tí n kò rí lójú sọ̀rọ̀.

Bàbá Gàní kò bú mi. Ìbá sàn kí ó bú mi. Òun ti gbà ní tirẹ̀ pé Yísà wà láàyè, ṣùgbọ́n ó ní òun kò lè gba ọmọ gbọ́ lé ìyá lórí. Òjò ti wọ́ ilẹ̀ lábẹ́ irin láàárín Jẹ̀bá àti Ìlọrin, ọkọ̀ kò kọjá láti àná. Ọ̀gá Yísà níbi iṣẹ́ ti fún un láàyè láti máa bọ̀ lọ́la Jímọ̀, bí ojú irin bá gbà. Ọ̀la náà sì ni àwọn ará oko àti ará ìlú ń bọ̀ fún àdúà òkú. A ti pè wọ́n, kò sí bí a ó ti pe ọ̀nà padà. Bàbá Gàní ní èmi ni kí n dìde láàárín wọn lẹ́yìn ìrun. Ó ní, "Ẹnu tí ó pa á ni kí ó jí i." Ọ̀gá tèmi fẹ́ bá mi lọ pẹ̀lú ìwé rẹ̀, ó ní ìgbà tí gbogbo ilé bá péjọ ni ó dára jù. Mo fi Ọlọ́hun bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jókòó sílé. Tẹlifóònù rẹ̀ ń ké lẹ́yìn wa bí a ti ń sọ ọ́. N kò gbé e.

Bá mi kí ìyàwó àbúrò rẹ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, kí Ọlọ́hun wo ọmọ náà. Kí àwọn ẹgbẹ́ wa tí ó wà ní Agége níkọ̀ọ̀kan. Bí o bá ka ìwé yìí tán, ṣe àdúà fún ìyá kan ní Pàkátà. Ìwọ tí ẹnu rẹ kì í ṣìnà nínú àdúà, a óò ṣe àmín láti ibí.

Mo ti to ọ̀rọ̀ ọ̀la. N kò to ohun tí n óò sọ bí ọkọ̀ kò bá dé, nítorí kò sí i. Bí mo bá ti kí àwọn ènìyàn tán, èyí ni mo fẹ́ wí, kí ìwọ tí o mọ ọ̀rọ̀ wò ó bóyá ó tọ́:

"Ẹ̀yin èèyàn wa, òkú ni a pè yín sí, ẹ forí jì wá pé ẹ kò bá òkú. Ọ̀rọ̀ tèmi pin síhìn-ín. Ẹni tí ó kàn láti bá yín sọ̀rọ̀ ni Yísà, ọmọ Gàní. Kí ó tó la ẹnu, ẹ jọ̀wọ́, ẹ lànà fún Àbẹ̀ní, ìyá rẹ̀, kí ó kọjá síwájú, kí ó kọ́kọ́ wò ó."

                                                  Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tí kò yẹ̀,
                                                  Àhmádù ọmọ Àbdùlsàlámì.