Kíjìpá Tí Mo Gbé Dé Èkó

Sabon Gari, Kano, 1938

Amudat àbúrò mi ní Kumasi,

Mo kí ọ, mo kí Bàbá Àgbà àti gbogbo ará ilé. Ara Màámi ti ń le, ẹ̀pà wọ́n.

Mo lo ìsinmi mi ní Èkó lọ́dọ̀ Bàdírù ọ̀rẹ́ mi, àfẹ́sọ́nà rẹ. Ìkómọ ni mo bá nílé rẹ̀. Ìyàwó tó fẹ́ níbẹ̀ ló bímọ. Mo jẹ ẹran àgbò, ó dùn. Ṣebí mo ní kí o tètè wá ká so yìgì, o ní o ń hun kíjìpá ìyàwó.

Mo fún un ní kíjìpá náà tí o fi ránṣẹ́ sí mi. Ó ní òun kò gbàgbé rẹ: Amudat lòun sọ ọmọ náà.

Ọlọ́run á pèsè ọkọ. Jọ̀wọ́, Bàdírù ní kí o hun èyí tó fúyẹ́ ránṣẹ́. Tàkọ́kọ́ wúwo jù láti fi pọn Amudat.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Ọ̀ṣẹ́nì