Tìróò Tó Wà Lójú Yétúndé

Màámi àtàtà,

Ilé wa ní àdúgbò Kalikak, nílẹ̀ àjèjì yìí, ni mo ti ń kọ ìwé yìí, ẹ̀rù sì ń bà mí débi pé mi ò lè jókòó. Mo ń dìde ṣáá lọ wo bóyá ọmọ ṣì ń mí. Yétúndé ni, àbígbẹ̀yìn mi, tí ìyàwó mi bí lẹ́yìn tí ẹ kú. Gbogbo ẹbí ló gbà pé ẹ̀yin lẹ padà wá. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ta ni mo wá ń kọ̀wé sí?

Ẹ ò ní gbàgbé òkúta tìróò tí ẹ tà ní ọjà Mont-Bouët títí ẹ fi fi òwò náà sílẹ̀ fún mi: dúdú tó ń dán, tó wúwo ju bó ṣe rí lójú lọ. Ẹ ó lọ̀ ọ́, ẹ ó fi aṣọ jọ̀ ọ́, ẹ ó tún un lọ̀, ẹ ó fi ìka méjì bà á wò. Bó bá ti kúnná tán, ẹ gbà pé kò lè ṣe ojú ọmọdé ní nǹkan mọ́. Nítorí pé ẹ̀yin lẹ padà wá, èyí tí ẹ fọwọ́ ara yín lọ̀ la ń lé sójú Yétúndé látọjọ́ ìsọmọlórúkọ. Yóò fọwọ́ nu ojú, yóò sì ki ọwọ́ náà bọ ẹnu.

Ràfíátù, ọmọ mi àgbà, ló mú òkúta náà lọ han olùkọ́ rẹ̀ ní lísée, sẹ́kọ́ńdìrì tibí. Ó gbé ìwé fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan bọ̀ tó kún fún àpótí kéékèèké, ohun kan tí Ọlọ́run fi dá ayé nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan: irin níbí, wúrà lọ́hùn-ún. Ó fìka kan ọ̀kan.

“Pápá, plọ́ǹbù nìyí. Òun àti imí ọjọ́ ló para pọ̀ di tìróò wa.”

Òjé ni, Màámi. Òjé tí àwọn apẹja ń so mọ́ àwọ̀n. Olùkọ́ náà ní májèlé ni bó bá wọ inú ènìyàn.

Mo kọ́ èyí ní sẹ́kọ́ńdìrì nílé: pé èérún tí ojú ò lè rí ló kó ara jọ di gbogbo nǹkan, átọ́ọ̀mù lorúkọ rẹ̀, kò sì sí ọlọ tó lè sọ átọ́ọ̀mù òjé di nǹkan mìíràn. Bí ẹ lọ̀ ọ́ títí ọlọ fi jẹ tán, òjé ṣì ni. Bó ṣe ń kúnná sí i, bẹ́ẹ̀ ló ń rọrùn fún un láti wọra. Kí ló dé tí kò sọ sí mi lọ́kàn ní gbogbo ọdún tí mo fi ń lọ̀ ọ́? Àbí ó sọ, mo sì gbójú kúrò?

Inú ń run Yétúndé, kò rí ìgbẹ́ yà, ó sì kọ ọmú. Inú tiyín náà run, ọwọ́ yín ń gbọ̀n. Ogbó la pè é. Ṣé ogbó ni?

Láàárọ̀ yìí, mo fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wẹ tìróò kúrò lójú ọmọ. Ìyàwó mi wò mí títí.

“Bàbá Ràfíátù, ẹ ti sọ ojú ọmọ di ojú ẹja gbígbẹ. Ṣé Màámi ò lé e fún ẹ̀yin náà ni? Ó pa yín ni?”

Bóyá èmi ni mo ṣì í. Ìwé tí mo kà kò tó nǹkan.

A ń lọ sílé ìwòsàn báyìí, Ràfíátù ti lọ dá takisí dúró. Dókítà yóò bi mí ní ohun tí a fi sára ọmọ, màá sì dárúkọ rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ náà bá dé ọjà, iṣẹ́ yín parí nìyẹn. Ẹ forí jì mí. Kó ṣáà má ti pẹ́ jù. Bó bá jẹ́ ọ̀run lẹ wà, ẹ bá mi bẹ Ọlọ́run. Bó bá sì jẹ́ ẹ̀yin lẹ ń fi ojú kékeré yìí wò mí, Màámi, ẹ má tún lọ.

Èmi ọmọ yín, tí wọ́n ní mo ti di bàbá yín.