Bí Ehoro Mi Ṣe Ń Pọ̀ Sí I

Àsàlámù àlàékúmù, Màámi.

Ẹ bá mi yọ̀ o, ehoro mi ti kún ẹ̀yìnkùlé wa ní Ìgàndò! Ẹ bá mi wí lórí fóònù pé kí n yéé kà wọ́n, pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Màámi, ehoro mà ni jàre! Bí mi ò bá kà wọ́n, báwo ni mo ṣe máa mọ iye kéèjì tí màá kàn?

Mi ò kúkú kà wọ́n pọ̀. Ọmọ tuntun wà lọ́tọ̀, èyí tó ń dàgbà wà lọ́tọ̀, àwọn ìyá náà wà lọ́tọ̀. Ìyá kan lè bí mẹ́jọ lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n bí mẹ́ta ló máa ń yè títí tí wọ́n fi máa tó bí tiwọn. Mẹ́ta yẹn ni mo fi ń ṣírò ọdún tó ń bọ̀. Ìyá Testimony, aládùúgbò wa tó ń sin ehoro bíi tèmi, gbogbo mẹ́jọ ló máa ń kà. Bí ọ̀kan bá kú, ẹkún ni. Èmi kì í sunkún. Ìṣirò mi ti mọ̀ pé àwọn kan ò ní dúró.

Ara mi ti ń le láti ìgbà tí mo ti ọsibítù dé. Abdulganiyy ọkọ mi ló ń pọnmi, òun náà ló ń dáná, ó ní kí n ṣì sinmi. Aṣọ ọmọ tí ẹ fi ránṣẹ́ dé, ó rẹwà gan-an ni. Mo ti ká a sí ìsàlẹ̀ àpótí, ó di ìgbà mìíràn.

Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé ní Ògbómọ̀ṣọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá ń ka oṣù tó kù kí n bí, ẹ dákun, ẹ rán an létí pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ.

Àdíját yín.