Ọmọ Mi Tó Lọ Kí Ayé

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le? Ìyá rẹ wà, àwọn àbúrò rẹ wà, ilẹ̀kùn yàrá rẹ ṣì ń han goro-goro bí ẹni pé kì í ṣe káfíńtà ló ni ilé. Ọlọ́run á máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ rẹ. Ojú ló ń tì mí tí mo fi pẹ́ kí n tó kọ̀wé.

Nígbà tí o ní o ti ń kọ́ èdè tuntun tí wọ́n fi ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀, inú mi dùn, onígbàjámọ̀ nìkan ni mo sọ fún. O wá fi fọ́tò ohun àkọ́kọ́ tí o fi èdè náà kọ ránṣẹ́ sórí fóònù onígbàjámọ̀, orí àga rẹ̀ náà ni mo wà, ó ti fá apá kan orí mi, mo ní kó bá mi túmọ̀ rẹ̀. Ó ní ohun tí o kọ ni, “Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin ayé.”

Ayé kẹ̀? Ayé tí èmi àti ìyá rẹ ti ń fi ọ́ pamọ́ fún láti ọjọ́ tí a ti bí ọ, tí a kì í jẹ́ kí wọ́n mọ ipò tí o gbà nílé ìwé, ìwọ lo fẹsẹ̀ ara rẹ lọ kí wọn! Mo já fóònù gbà, mo pè ọ́, mo sì rò pé bó ṣe jẹ́ ayé lo kọ̀wé sí, ayé náà ló ń gbọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi pariwo pé, “Ẹ̀yin ayé, ẹ má wo ọmọ mi o! Kò mọ nǹkan kan! Ó ń tọ̀ sílé títí ó fi wọ girama!” Mo fẹ́ kí wọ́n kà ọ́ sí ẹni tí kò já mọ́ nǹkan ni, kí wọ́n lè gbójú kúrò lára rẹ.

Èmi ò mọ̀ pé o ti ṣí ohùn fóònù síta, kí àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ lè gbọ́ bí bàbá rẹ yóò ṣe yìn ọ́. Ẹ̀rín wọn ni mo kọ́kọ́ gbọ́. O wá ní, “Bàbá mi, ọ̀gá mi wà níbí,” fóònù sì dákẹ́.

Onígbàjámọ̀ ló là mí lóye pé ohun tí gbogbo ẹni tó bá ń kọ́ irú èdè bẹ́ẹ̀ máa ń kọ́kọ́ kọ nìyẹn, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ẹ̀rọ á dáhùn, pé kò sí ayé kankan níbẹ̀. Ilẹ̀ ì bá lanu kí n wọ ibẹ̀ lọ. Mo dé fìlà lé ààbọ̀ orí, n kò sì tíì padà lọ kó fá ìyókù. Ìyá rẹ kì í dá mi lóhùn, ó ní àṣírí tí òun ń bò láti kékeré rẹ ni mo tú sí ìgboro. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Jọ̀ọ́, bá mi bẹ ọ̀gá rẹ, sọ fún un pé ìfẹ́ ló ń dà mí láàmú. Bí nǹkan díẹ̀ bá wà lọ́wọ́ rẹ, fi ránṣẹ́ kí n ra fóònù tèmi, onígbàjámọ̀ ò jẹ́ kí n fọwọ́ kan tirẹ̀ mọ́. Iṣẹ́ rẹ á gbè ọ́. Ojú ò ní tì ọ́ mọ́, pàápàá láti ọwọ́ mi. Ayé á yẹ ọ́. Mo rọra sọ ìyẹn ni.

Wọ́n ní bí o ṣe kí ẹ̀rọ yẹn báyìí, lójú ẹsẹ̀ ló dáhùn. Ọmọ mi, èmi náà kí ọ o. Dá mi lóhùn.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.